Kúùbù Rubik: Ọ̀nà tí ó kúrú jù kọ́ ni ó ń yára dé ilé

Ní ọdún 1974, ọkùnrin kan tí ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ ọnà ní ìlú Budapest, lórílẹ̀-èdè Hungary, jókòó ti ohun kan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kò sì mọ ohun tí yóò ṣe sí i mọ́. Ernő Rubik ni orúkọ rẹ̀. Igi ni ó kọ́kọ́ fi ṣe nǹkan náà, ó sì fi àwọ̀ mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí ìhà rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Nígbà tí ó yí i síhìn-ín, tí ó yí i sọ́hùn-ún, àwọ̀ dàpọ̀ mọ́ àwọ̀, ọ̀nà àtipadà sì dí. Ó tó nǹkan bí oṣù kan kí ẹni tí ó dá nǹkan náà tó rí i tò padà sí bí ó ti wà.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ọmọdékùnrin ará Ṣáínà kan, Xuanyi Geng, ọmọ ọdún méje, gbé irú nǹkan kan náà lọ́wọ́ níbi ìdíje kan ní ìlú Shenyang. Ìṣẹ́jú àáyá 3.05 péré ni ó fi tò ó tán. Títí di ọjọ́ náà, kò sí ẹ̀dá ènìyàn kankan tí ó yára tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdíje.

Bí ènìyàn bá gbọ́ ìtàn méjèèjì yìí, ohun méjì ni ó sábà máa ń wá sí i lọ́kàn. Èkíní ni pé ọpọlọ ọmọ náà ju ti ẹni tí ó dá kúùbù sílẹ̀ lọ. Èkejì ni pé ìka ọmọ náà ni ó yá bí mànàmáná. Òbí mìíràn lè torí èyí ra kúùbù fún ọmọ rẹ̀, nígbà tí ọmọ náà kò bá sì rí i tò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé bóyá orí ọmọ òun kò jí pépé tó. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí ó wà láàárín oṣù kan ti Rubik àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ti ọmọ yìí ní àlàyé, àlàyé náà sì yàtọ̀ sí èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò.

OHUN TÍ KÚÙBÙ JẸ́ GAN-AN

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí kúùbù yóò rò pé ojú àwọ̀ 54 ni òun ní láti tò. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Àwọ̀ kì í dá rìn. Ẹyọ tí àwọ̀ lẹ̀ mọ́ ni ó ń rìn. Ẹyọ 26 ni ó hàn sí ojú. Mẹ́fà nínú wọn wà ní àárín ìhà kọ̀ọ̀kan, wọn kì í sì í kúrò lójú kan. Wọ́n kàn ń yí bírí níbi tí wọ́n wà ni. Nítorí náà, àwọ̀ àárín ni ó ń sọ irú àwọ̀ tí gbogbo ìhà náà gbọ́dọ̀ ní. Méjìlá jẹ́ ẹyọ etí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àwọ̀ méjì. Mẹ́jọ tí ó kù jẹ́ ẹyọ igun, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àwọ̀ mẹ́ta. Ẹyọ igun kò lè gba ipò ẹyọ etí láéláé, bẹ́ẹ̀ ni ẹyọ etí kò lè gba ipò igun.

Iye ọ̀nà tí àwọn ẹyọ wọ̀nyí lè gbà dàpọ̀ jẹ́ 43,252,003,274,489,856,000. Bí ènìyàn bá ń dán ọ̀kan wò ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tí kò sùn, tí kò sì sinmi, yóò gbà á ju tírílíọ̀nù ọdún kan lọ kí ó tó dán gbogbo rẹ̀ wò tán. Ìdí abájọ nìyí tí ẹni tí ó bá ń yí kúùbù káàkiri, tí ó ń retí pé oríire yóò bá òun tò ó, fi ń ṣe làálàá lásán.

Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí àwọn òbí mọ̀. Bí ẹnìkan bá tú kúùbù palẹ̀, tí ó sì kó àwọn ẹyọ rẹ̀ padà bí ọwọ́ rẹ̀ ti bà wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ìgbà méjìlá ni yóò ṣe é tò. Ní ìgbà mọ́kànlá tí ó kù, ọ̀gá pátápátá nínú eré náà kò lè rí i tò, àfi kí ó tún un tú. Ọmọ tí ó ń bá kúùbù jìjàkadì tẹkúntẹkún, tí kò sì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ti tú u palẹ̀ rí, lè máa wá ohun tí kò sí níbẹ̀ rárá.

BÍ WỌ́N TI Ń TÒ Ó

Ìṣòro kúùbù ni pé èyí tí ènìyàn ti tò tán ni ó máa ń bàjẹ́ nígbà tí ó bá ń to èyí tí ó kù. Ẹni tí ó bá ti to ìhà kan tán yóò rí i pé kò sí bí òun ṣe lè fọwọ́ kan ìhà kejì kí ti àkọ́kọ́ má tú. Ìdáhùn sí ìṣòro yìí ni ohun tí a lè pè ní àkọ́sórí: ọ̀wọ́ ìyí kan tí ó ń tú ibì kan palẹ̀, tí ó ń pààrọ̀ ẹyọ díẹ̀, tí ó sì ń dá gbogbo ìyókù padà sí àyè wọn. Ó dà bí ẹni tí ó kó ẹrù kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí ó lè gbé àga wọlé, tí ó sì tún kó ẹrù náà padà síbi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá wọlé bá a ní agbedeméjì iṣẹ́ yóò rò pé ó ń ba ilé jẹ́ ni.

Ìlànà tí òpè fi ń bẹ̀rẹ̀ ni ti ìpele mẹ́ta: a ó to ìpele ìsàlẹ̀, a ó to ti àárín, lẹ́yìn náà a ó to ti òkè. Àkọ́sórí bíi mẹ́fà tàbí méje ti tó fún un. Ọmọ tí ó bá tẹra mọ́ ọn lè mọ̀ ọ́n láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè yí kúùbù ní ìgbà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó parí.

Nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ ní Budapest ní oṣù kẹfà ọdún 1982, Minh Thai, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n bí ní Vietnam ṣùgbọ́n tí ó ṣojú Amẹ́ríkà, ni ó gbégbá orókè pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 22.95. Lásìkò náà, ìyàlẹ́nu ńlá ni. Lóde òní, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ iléèwé káàkiri àgbáyé ni ó ń yára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kópa nínú ìdíje ọdún 1982 náà ni Jessica Fridrich, tí ó wá láti Czechoslovakia, tí ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Binghamton University ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà. Kì í ṣe òun nìkan ni ó hùmọ̀ ìlànà tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè, ṣùgbọ́n òun ni ó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní àwọn ọdún 1990 tí ayé fi mọ̀ ọ́n. CFOP ni àwọn ọ̀ta nínú eré yìí ń pè é, òun sì ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn títí di òní.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni ó ní. Àkọ́kọ́, ẹyọ etí mẹ́rin ni a ó tò sí ìsàlẹ̀ kí wọ́n di àgbélébùú. Èkejì, dípò kí a to igun ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀ kí a sì tún wá to etí àárín lọ́tọ̀, a ó so ẹyọ igun kan pọ̀ mọ́ ẹyọ etí tirẹ̀, a ó sì ti àwọn méjèèjì wọlé papọ̀. Ìgbà mẹ́rin ni a ó ṣe bẹ́ẹ̀, ìpele méjì yóò sì ti parí. Ẹ̀kẹta, a ó mú kí gbogbo òkè ní àwọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ̀kẹrin, a ó gbé àwọn ẹyọ òkè sí ipò tí ó tọ́ sí wọn. Irú ìdàrú 57 ni ènìyàn lè bá pàdé ní ìgbésẹ̀ kẹta, irú 21 sì ni ní ìgbésẹ̀ kẹrin. Èyí já sí pé àkọ́sórí 78 ni ẹni tí ó fẹ́ di ọ̀ta ní láti fi sórí, kì í sì í ṣe sórí nìkan, bí kò ṣe sínú ìka ọwọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ yóò fi máa ṣe é láìjẹ́ pé ọkàn ń kà á.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ọdún 2003, ará Faransé kan, Gilles Roux, gbé ìlànà mìíràn jáde. Òun kì í to ìpele. Apá òsì ni ó ń kọ́kọ́ to apá kan rẹ̀ bí ẹni mọ búlọ́ọ̀kù, lẹ́yìn náà ó mọ irú rẹ̀ sí apá ọ̀tún, ó to igun òkè, ó sì fi etí mẹ́fà tí ó kù parí rẹ̀. Ìyí tí ìlànà yìí ń gbà kéré sí ti CFOP. Ní ọdún 2006, Zbigniew Zborowski láti Poland gbé ti rẹ̀ jáde tí wọ́n ń pè ní ZZ, èyí tí ó ń kọ́kọ́ tún ojú gbogbo ẹyọ etí ṣe kí ó má baà sí ìdí láti máa yí gbogbo kúùbù kiri lọ́wọ́. Ìlànà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń gbé ènìyàn dé ibi gíga. Ẹni tí ó bá ń fi ojoojúmọ́ pààrọ̀ ìlànà ni kì í débì kankan.

ÀṢÍRÍ OGÚN

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di àdììtú nìyí. Ní ọdún 2010, Tomas Rokicki, Herbert Kociemba, Morley Davidson àti John Dethridge fi ẹ̀rí hàn pé kò sí bí wọ́n ṣe lè da kúùbù rú tó tí kò ní ṣe é tò padà láàárín ìyí 20 péré. Ìyí kan ni kí a yí ìhà kan lẹ́ẹ̀kan, ìbáà jẹ́ díẹ̀, ìbáà jẹ́ dé ìdajì. Ilé-iṣẹ́ Google ni ó yá wọn ní kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tí àwọn kọ̀ǹpútà náà ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ìbá fi nǹkan bí ọdún 35 ṣe é. Ṣáájú wọn, ní ọdún 1995, Michael Reid ti fi hàn pé ìdàrú kan wà tí kò lè gbà kéré sí 20. Nítorí náà, 20 ni òpin. Kò lè lọ sókè, kò sì lè wá sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń lo CFOP ń yí kúùbù ní nǹkan bí ìgbà 55 sí 60. Ẹni tí ó ń lo ti Roux ń lo bíi 45 sí 50. Bí ó bá jẹ́ pé 20 ti tó, kí ló dé tí àwọn ọ̀gá kò fi gba ọ̀nà tí ó kúrú?

Ìdáhùn náà ni pé ọ̀nà kúkúrú kò ní àmì tí ojú ènìyàn lè tẹ̀ lé. Nínú ìlànà ìgbésẹ̀ mẹ́rin, a ń rí i pé iṣẹ́ ń lọ: àgbélébùú ti pé, ìpele kan ti pé, èkejì ti pé. Nínú ọ̀nà oní 20, kúùbù lè wà ní rúdurùdu títí di ìyí díẹ̀ tí ó kẹ́yìn, nígbà náà ni gbogbo rẹ̀ yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sípò. Kọ̀ǹpútà ni ó lè wá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kíákíá.

Ẹ̀rí èyí wà nínú ìdíje mìíràn, níbi tí wọn kì í ti í wo ìyára rárá. Wọn yóò fún olùdíje ní wákàtí kan pẹ̀lú bébà àti bírò, kí ó wá ọ̀nà tí ìyí rẹ̀ kéré jù. Ní ọdún 2019, Sebastiano Tronto, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, to kúùbù pẹ̀lú ìyí 16 péré níbi irú ìdíje bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ ènìyàn lè súnmọ́ ọ̀nà kúkúrú, ṣùgbọ́n wákàtí kan ni ó ń gbà. Ẹni tí ó ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà kò ní àyè fún ìrònú bẹ́ẹ̀. Ó sàn fún un kí ó gba ọ̀nà gígùn tí ó mọ̀ ju kí ó dúró ní oríta máa wá ọ̀nà kúkúrú tí kò mọ̀.

OJÚ NI Ó Ń FA ÌKA SẸ́YÌN

Ohun kejì tí ó máa ń ya àwọn tí ó ń kọ́ eré yìí lẹ́nu ni pé ìka kọ́ ni ó kọ́kọ́ ń dí wọn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí á mú ẹni méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò lo ìyí 56. Ẹni kìíní ń yí kúùbù ní ìgbà 8 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró láti wá ẹyọ tí ó kàn. Bí ó bá dúró ní ìgbà 10, tí ìdúró kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ìṣẹ́jú àáyá 7 ni yóò fi yí i, 5 ni yóò fi dúró. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12. Ìka ẹni kejì kò yá tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà 7 ni ó ń yí i láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n kò dúró rárá. Ìṣẹ́jú àáyá 8 ni yóò fi parí. Ẹni tí ìka rẹ̀ lọ́ra ni ó borí.

Ìhà mẹ́ta péré ni ojú lè rí lẹ́ẹ̀kan. Mẹ́ta yòókù wà lẹ́yìn. Nítorí náà, ohun tí àwọn ọ̀gá ń kọ́ jù ni wíwo iwájú: bí ọwọ́ bá ti ń ti ẹyọ kan wọlé, ojú ti kúrò lára ẹyọ náà, ó ti ń wá èyí tí ó kàn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ eré yìí fi máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó dín ìyára ìka rẹ̀ kù nígbà tí ó bá ń ṣe ìdánrawò, kí ojú lè kọ́ bí a ti ń ṣáájú ọwọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

ORÍIRE ÀTI ÒFIN

Lábẹ́ òfin World Cube Association, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2004, kọ̀ǹpútà ni ó ń pinnu bí wọn yóò ṣe da kúùbù rú, ìdàrú kan náà ni gbogbo àwọn tí ó wà ní ìsọ̀rí kan yóò sì bá pàdé. Olùdíje ní ìṣẹ́jú àáyá 15 láti yẹ kúùbù wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Láàárín àsìkò yìí ni ọ̀gá ń to gbogbo àgbélébùú lọ́kàn, tí ó sì tún ń wo ohun tí yóò tẹ̀ lé e. Bí ó bá kọjá 15 kí ó tó bẹ̀rẹ̀, wọn yóò fi 2 kún àsìkò rẹ̀; bí ó bá kọjá 17, wọn kò ní ka ìgbìyànjú náà sí.

Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni wọ́n ń tò ó. Wọn yóò yọ èyí tí ó yára jù kúrò, wọn yóò yọ èyí tí ó pẹ́ jù kúrò, wọn yóò sì fi mẹ́ta tí ó kù wá ìdọ́gba. Ìdí ni pé oríire wà nínú eré náà. Nínú ìgbà 72, ẹ̀ẹ̀kan ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé nígbà tí ìgbésẹ̀ kẹta bá parí, ẹ̀kẹrin ti to ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí irú èyí bá bọ́ sí lọ́wọ́ ti jèrè ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, nígbà tí ìròyìn bá gbé e pé ẹnìkan lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ìmọ̀ ni, oríire náà sì wà níbẹ̀. Ìdọ́gba ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni ó ń fi hàn bí ọwọ́ ẹni ṣe mọ iṣẹ́ tó.

Irinṣẹ́ náà kò gbẹ́yìn. Kúùbù ìgbà ìwáṣẹ̀ le, ó sì máa ń há. Àwọn ti òde òní ní òòfà nínú tí ó ń fa ìhà kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀, ẹni tí ó ni ín sì lè dẹ̀ ẹ́ tàbí kí ó fún un le bí ó bá ti fẹ́. Ẹni tí ó bá ń fi kúùbù tí ó ń há kọ́ eré yìí kò gbọdọ̀ fi ara rẹ̀ wé ẹni tí kúùbù rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá.

Ní ti ẹ̀rọ, ènìyàn kò tilẹ̀ súnmọ́ ọn. Ní ọdún 2025, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Purdue University ní Amẹ́ríkà ṣe róbọ́ọ̀tì kan tí ó to kúùbù láàárín ìṣẹ́jú àáyá 0.103, èyí tí ó yá tó kí ènìyàn ṣẹ́jú pẹ́. Ohun tí ó ń dá ẹ̀rọ dúró yàtọ̀ sí ohun tí ó ń dá ènìyàn dúró. Ti ẹ̀rọ ni pé ike lè fọ́ bí wọ́n bá yí i jù. Ti ènìyàn ni pé ojú gbọ́dọ̀ rí, ọkàn gbọ́dọ̀ dá a mọ̀, kí ọwọ́ tó gbọ́.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ ÒBÍ MÚ LỌ SÍLÉ

Max Park, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ní ipò ìdàgbàsókè ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní autism, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí gbogbo òbí rántí. Nígbà tí ó wà ní kékeré, ìka ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe é lò dáadáa, bíbá ẹgbẹ́ ṣe sì nira fún un. Kúùbù ni àwọn òbí rẹ̀ rí pé ó ràn án lọ́wọ́ nínú méjèèjì. Fíìmù The Speed Cubers, tí ó jáde ní ọdún 2020, sọ ìtàn náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ní Long Beach ní ìpínlẹ̀ California, Max Park to kúùbù láàárín ìṣẹ́jú àáyá 3.13, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí nígbà náà. Kò sí ẹni tí ó lè wo ọmọdé tí ó ń tiraka láti di nǹkan mú kí ó sọ pé ibẹ̀ ni yóò dé.

Kúùbù kì í ṣe òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ọpọlọ ọmọ. Ẹni tí ó ń tò ó kíákíá ti kọ́ ọ̀nà tí àwọn mìíràn ti là sílẹ̀ fún ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti rìn ín ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, títí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi kọ mọ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ kí á yìn ín. Ṣùgbọ́n Rubik kò ní ìwé, kò ní olùkọ́, kò sì tilẹ̀ dá a lójú pé ọ̀nà àtipadà wà. Bí ọmọ kan bá jókòó ti kúùbù rẹ̀ fún oṣù kan, tí kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí ó sì rí i tò níkẹyìn, kí òbí rẹ̀ má ṣe wo aago. Ohun tí ọmọ náà ṣe ni èyí tí Rubik fúnra rẹ̀ ṣe.